Àwọ̀n, ọ̀sà, ọkọ̀ àbí bátìrì: èwo lẹ máa mú tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀ lókun tí àkurakúdà wà?

Ẹ jẹ́ n tètè là á mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ náwó: ibi tẹ́ ẹ ti wọ omi àti aago tẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ ló máa pinnu bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti àkurakúdà ṣe máa rí, ohun tẹ́ ẹ so mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan nínú ẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, torí ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń lé àkurakúdà ṣeé rà, ó ṣeé jù sínú báàgì, ọkàn èèyàn á sì balẹ̀ pé òun ti ṣe nǹkan kan. Èmi náà ti ra ẹ̀gbà ọwọ́ onímáágínẹ́ẹ̀tì rí o, tá a bá débẹ̀ mo máa sọ bó ṣe já sí.

Ká kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rù náà ṣe tó. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kan ní Amẹ́ríkà, Florida Museum, ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní International Shark Attack File, gbogbo ibi tí àkurakúdà bá ti gé èèyàn jẹ láyé ni wọ́n ń gbìyànjú láti kọ síbẹ̀. Lọ́dún 2023, ìgbà 69 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó gé ẹni tí ò tọ́ ọ jẹ, èèyàn 10 ló bá a lọ. Lọ́dún 2024 ó wálẹ̀ sí 47, èèyàn 4 ló kú. Gbogbo òkun àgbáyé là ń sọ yẹn o, pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó ń wọ omi lójoojúmọ́. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí àjọ WHO kà, pé nǹkan bí 300,000 èèyàn lomi gbé lọ lọ́dún 2021 nìkan, odò, adágún, kànga, òkun, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé tẹ́ ẹ bá torí àkurakúdà sá kúrò níbì kan lọ síbi tí ìṣàn omi ti le, ẹ sá fún òjò bọ́ sódò nìyẹn, àwọn àgbà ṣáà ti sọ ọ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lomi ń gbé lọ.

Ohun tí mo fi ń wọn ibì kọ̀ọ̀kan

Àkọ́kọ́ ni irú èyí tó wà nítòsí. Oríṣi àkurakúdà lé ní 500, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní nǹkan kan í bá èèyàn ṣe. Mẹ́ta lorúkọ wọn máa ń jáde jù tí wọ́n bá ti ṣe èèyàn léṣe: great white, tiger shark àti bull shark. Great white fẹ́ràn omi tó tutù díẹ̀, torí náà láwọn etí òkun ilẹ̀ olóoru, tiger àti bull lọ̀rọ̀ kàn. Bull shark ló ń kọ mí lóminú jù, torí kò bìkítà bóyá omi rú, kò bìkítà bóyá omi ò jìn, ó tiẹ̀ máa ń gba ẹnu odò wọ inú omi tí ò níyọ̀ lọ. Àwọn kéékèèké tẹ́ ẹ máa rí lára ríífù, ìyẹn àwọn òkúta iyùn tó hù lábẹ́ omi, bíi blacktip àti whitetip, ojo ni wọ́n, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ gbá omi wọ́n ti lọ.

Ìkejì, ṣé ẹ lè rí iwájú yín lábẹ́ omi? Àkurakúdà tó ń lé ẹja kiri nínú omi tó rú lè ṣi àtẹ́lẹsẹ̀ yín mú, kó gé e jẹ kó tó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tóun ń wá. Nínú omi tó mọ́ gaara, ó ti rí yín látòkèèrè, ó ti mọ̀ pé ẹ kì í ṣe oúnjẹ òun, ẹ̀yin náà sì ti rí i.

Ìkẹta, ta ló ń wò yín, báwo ni ìrànlọ́wọ́ ṣe lè yá tó? Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló ń pani jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló máa ń fúnni, torí náà etí òkun tó jẹ́ pé ọsibítù jìnnà sí i bí ojú ti jìnnà sí ẹ̀yìn orí, tí ò sì sẹ́ni tó lè di ọgbẹ́ níbẹ̀, wàhálà ni. Ìkẹrin, kí ló ń fà wọ́n wá: apẹja tó ń da ìfun ẹja sómi, ẹni tó ń fún wọn lóúnjẹ káwọn àlejò lè ya fọ́tò, ẹnu odò lẹ́yìn òjò ńlá, ẹyẹ tó ń já lu omi lọ́wọ̀ọ̀wọ́ torí ẹja wẹ́wẹ́ kún abẹ́ ẹ̀. Owó àti bó ṣe bá ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe mu ló gbẹ̀yìn.

Etí òkun tí láífùgáàdì ń ṣọ́

Èyí ló rọ àpò lọ́rùn jù, lọ́pọ̀ ibi ọ̀fẹ́ ni. Láífùgáàdì jókòó sókè, ó ń wo omi láti àárọ̀, ó mọ ibi tí ìṣàn ti ń fa èèyàn lónìí, tí wọ́n bá rí lẹbẹ lórí omi òun ló máa fọn fèrè kí gbogbo èèyàn jáde. Àsíá méjì tó jẹ́ pupa òun yẹ́lò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, àárín wọn ni kẹ́ ẹ ti wẹ̀, pupa nìkan ń sọ pé ewu wà. Ní Amẹ́ríkà, àsíá elésè àlùkò ń sọ pé nǹkan ẹlẹ́mìí tó lè ṣeni léṣe wà nínú omi, ó sì sábà máa ń jẹ́ jellyfish, ìyẹn ẹran omi tó rọ̀ bíi jẹ́lì tó máa ń ta èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ibẹ̀ ni pé ó ń gbà yín lọ́wọ́ omi fúnra ẹ̀, èyí tí mo sọ lókè pé ó ń pani ju ẹja lọ fíìfíì.

Ṣùgbọ́n kò lè rí inú omi tó rú, ó sì máa ń lọ sílé nírọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an sì ni àkurakúdà ń jáde wá oúnjẹ. Ẹ wo Recife ní Brazil. Etí òkun Boa Viagem wà láàárín ìgboro, ilé gogoro tò lọ bẹẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, síbẹ̀ láti 1992 ni bull shark àti tiger shark ti ń gé èèyàn jẹ níbẹ̀, pátákó ìkìlọ̀ wà káàkiri yanrìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń di ẹ̀bi ẹ̀ ru èbúté Suape tí wọ́n kọ́ sí apá gúúsù, pé ó da ibi tí bull shark ń bímọ sí rú. Òkúta ríífù kan nà gbọọrọ lẹ́bàá etí òkun náà, tí omi bá ti fà, adágún tó kù lẹ́yìn ẹ̀ làwọn tó mọ̀ ti ń wẹ̀, ẹni tó bá kọjá òkúta yẹn, tàbí tó wọ omi nígbà tó kún bò ó, ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ wá a. Torí náà "láífùgáàdì wà níbẹ̀" ò tó láti gbọ́, ẹ ka pátákó, ẹ bi láífùgáàdì náà lọ́rọ̀, wọ́n fẹ́ràn kéèyàn bi wọ́n ju kí wọ́n máa wá èèyàn lọ.

Àwọ̀n: orúkọ kan, nǹkan méjì

Ibí ni mo ti máa jókòó pẹ́ díẹ̀ torí ibí ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ ta wá jù. Tí hòtẹ́ẹ̀lì bá kọ ọ́ síta pé etí òkun àwọn "ní àwọ̀n àkurakúdà", ẹ bi wọ́n pé irú èwo.

Irú kìíní jẹ́ ọgbà. Àwọ̀n náà lọ láti ìsàlẹ̀ yanrìn dé ojú omi, ó sì yí ibi ìwẹ̀ ká láti etí ilẹ̀ dé etí ilẹ̀, kò sí ọ̀nà àbáwọlé fún ohun tó bá tóbi. Hong Kong lo èyí. Lọ́dún 1995, àkurakúdà pa èèyàn mẹ́ta níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n wá fi àwọ̀n yí àwọn etí òkun ìjọba ká, láti ìgbà yẹn sí ìsinsìnyí kò tíì pa ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́. Ní Seychelles náà, oṣù kẹjọ 2011, àlejò méjì ló kú ní Anse Lazio lérékùṣù Praslin láàárín oṣù kan ṣoṣo, wọ́n sì ta àwọ̀n síbi ìwẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Irú kejì, àwọ̀n apẹja lásán ni. Wọ́n nà án sínú òkun, orí àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ní New South Wales l'Ọsirélíà, tí wọ́n ti ń lo tiwọn láti 1937, gígùn ọ̀kan jẹ́ mítà 150, gíga ẹ̀ mítà 6, etí òkun tó wà lẹ́yìn ẹ̀ sì lè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Queensland tó bọ́ sílẹ̀ olóoru bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1962. Àkurakúdà lè gba orí ẹ̀, ó lè gba ẹ̀gbẹ́, wọ́n tiẹ̀ máa ń bá a lára àwọ̀n nígbà tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wẹ̀ padà lọ sójú òkun. Iṣẹ́ àwọ̀n yìí ni láti pa wọ́n kí iye wọn dín kù, ìjàpá òkun àti dolphin sì ń bá a lọ. Bóyá ó dáa tàbí kò dáa, ìjà wọn nìyẹn, wọ́n ti ń jà á tipẹ́. Ohun tó kan èmi àti ẹ̀yin ni pé kẹ́ ẹ má wo irú kejì kẹ́ ẹ rò pé irú kìíní ni.

Irú kìíní gan-an, àfi kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Boucan Canot ní Réunion, erékùṣù ilẹ̀ Faransé tó wà nínú Òkun Íńdíà, lọ́dún 2016, ìgbì ti da ihò sínú àwọ̀n, àsíá pupa ti wà lókè, ọ̀dọ́kùnrin kan ṣì wọ omi lọ pẹ̀lú pátákó ìgun-ìgbì ẹ̀, apá kan àti ẹsẹ̀ kan ló bá a lọ. Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi wọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: "Ta ló yẹ àwọ̀n wò lónìí?" Tí wọ́n bá ní àná, ẹ̀rín ni kẹ́ ẹ rín kẹ́ ẹ jókòó sórí yanrìn.

Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni níbi tó bá jẹ́ ti ìjọba, tó bá jẹ́ ti hòtẹ́ẹ̀lì ó ti wà nínú owó yàrá yín, ẹ̀yin ni ẹ ò rí i. Ó dáa fún ọmọdé, ó dáa fún àgbàlagbà tó kàn fẹ́ rẹ ara. Fún ẹni tó fẹ́ fi gíláàsì ojú àti páìpù wo ẹja, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju yanrìn àti ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíì lọ.

Ọ̀sà tó wà láàárín ríífù àti ilẹ̀

Kí n má purọ́, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ìgbì ti fọ́ sára òkúta iyùn lóde, omi inú ẹ̀ dákẹ́, kò jìn, ó mọ́, ẹja aláràbarà sì ń bẹ níbẹ̀ tó jẹ́ pé èèyàn ò ní rántí pé òun ní ẹ̀yìn tí oòrùn ń sun.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lórí ọ̀sà, Réunion yìí kan náà ló ti wá. Láti 2011 ni àkurakúdà ti ń gé àwọn èèyàn jẹ níbẹ̀ léraléra, tó fi di pé lọ́dún 2013 ìjọba fòfin de ìwẹ̀ àti gígun ìgbì káàkiri, wọ́n wá yọ ibi méjì sílẹ̀: inú ọ̀sà, àti àwọn ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ tí wọ́n sì ń ṣọ́. Ìjọba tó ti lé gbogbo èèyàn kúrò lómi ló ṣì fi inú ọ̀sà sílẹ̀, ẹ ẹ̀ ní bá mi ronú sí i.

Àléébù ẹ̀ wà o. Gbogbo ríífù ló ní ẹnu, ìyẹn àlàfo tí omi ọ̀sà ń gbà jáde sójú òkun nígbà tí omi bá ń fà. Ibẹ̀ ni ìṣàn ti ń le bí odò ẹ̀ẹ̀rùn tó gba òjò, ibẹ̀ náà ni àwọn àkurakúdà tó tóbi díẹ̀ ń dúró sí de ẹja. Ẹ má lọ sítòsí ẹ̀, kódà kí omi mọ́ bíi dígí. Tí ẹ bá rí i pé yanrìn ìsàlẹ̀ ń sá lọ lábẹ́ yín láìjẹ́ pé ẹ gbá ẹsẹ̀, ẹ ti ń súnmọ́ ọn nìyẹn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má bá omi jà. Nǹkan míì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni ti àwọn blacktip kéékèèké tó ń rìn nínú omi tó dé orúnkún: ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú omi ni wọ́n máa ń gé jẹ nígbà míì, torí ẹsẹ̀ méjì tó ń mi lábẹ́ omi láìní ara jọ ẹja lójú wọn. Tí ẹ bá nà gbalaja sójú omi tí wọ́n rí yín tán, wọ́n á sá. Mo rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ọ̀kan, kò gùn tó apá mi, mo sì kígbe sínú páìpù débi pé mo mu omi iyọ̀ yó, òun ti lọ tipẹ́ kí n tó wúkọ́ tán.

Wọ bàtà omi, torí òkúta iyùn ń gé èèyàn ju àkurakúdà lọ. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan, gíláàsì àti páìpù nìkan lẹ máa rà tàbí kẹ́ ẹ yá.

Ọkọ̀ òun afinimọ̀nà

Owó ibí ló ga jù nínú àwọn ibi ìwẹ̀, ibí náà sì ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù láàárín ẹni tó mọṣẹ́ àti ẹni tó kàn ní ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó mọṣẹ́ á gbé yín lọ síbi tí omi mọ́, á wà nínú omi pẹ̀lú yín, ẹlòmíì á dúró nínú ọkọ̀ tó ń ka orí, bándéèjì àti okùn ìdè-ọgbẹ́ á wà lórí ọkọ̀. Èyí tí ò mọṣẹ́ á ju oúnjẹ sómi kẹ́ ẹ lè rí nǹkan yà.

Oúnjẹ yẹn ni kẹ́ ẹ sá fún. Ní Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì, ìparí 2010, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan àkurakúdà gé èèyàn márùn-ún jẹ, obìnrin ará Jámánì kan sì kú. Oceanic whitetip (kì í ṣe whitetip kéékèèké ara ríífù tí mo sọ lókè) àti mako ni, àwọn tó yẹ kó wà lójú agbami. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n pè wá wo ọ̀rọ̀ náà tọ́ka sí òkú àgùntàn tí ọkọ̀ dà sómi, àwọn tó ń fún ẹja lóúnjẹ, àti ẹja tó ti dín kù lókun torí ìpẹja àpajù. Àkurakúdà tó bá ti kọ́ pé ọwọ́ èèyàn ni oúnjẹ ti ń wá, ọwọ́ èèyàn lá máa wò.

Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ bi wọ́n: ṣé ẹ ń fún wọn lóúnjẹ? Èèyàn mélòó ni afinimọ̀nà kan ń kó? Ta ló ń kù lórí ọkọ̀? Kí lẹ ní fún ẹ̀jẹ̀ tó bá ń dà? Ẹni tó bá fi ìbéèrè ìkẹrin ṣẹ̀rín, ẹ má bá a lọ. Ti whale shark yàtọ̀ ṣá, irú àkurakúdà ni lóòótọ́ ṣùgbọ́n nǹkan wẹ́wẹ́ inú omi ló ń sẹ́ jẹ, ìrù ẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń sáré lé e ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Nurse shark tó máa ń sùn sórí yanrìn náà, àwọn tó fọwọ́ kàn án tàbí fa ìrù ẹ̀ ló sábà ń gé jẹ, kí ni wọ́n sì fẹ́ fi ìrù olóorun ṣe?

Etí òkun tó dá, tí ò sẹ́nì kankan

Ọ̀fẹ́ ni, fọ́tò ẹ̀ sì dùn. Kò sí pátákó, kò sí àsíá, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ igbe. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò ní ṣe kẹ́ ẹ má wọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ méjì ó kéré tán, kí oòrùn ti ga, kí omi má rú, kí ó jìnnà sí ẹnu odò, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń pẹja ládùúgbò pé ṣé òun lè jẹ́ kí ọmọ òun wẹ̀ níbẹ̀. Àkókò ọdún náà wà níbẹ̀: ní Hawaii, oṣù kẹwàá ni tiger shark ti ń gé èèyàn jẹ ju àwọn oṣù tó kù lọ, àwọn ará ibẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, àlejò ni ò mọ̀.

Àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà

Imú àkurakúdà kún fún ihò wẹ́wẹ́ tó fi ń mọ iná mànàmáná kékeré tó ń jáde lára ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ̀rọ oníbátìrì ń ju iná tó le sí i nímú, ìyẹn á sì dùn ún débi táá fi yí padà. Èrò náà mọ́gbọ́n dání, wọ́n sì ti dán an wò. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ Flinders University l'Ọsirélíà gbé àbájáde ìdánwò oríṣi márùn-ún tí wọ́n ń tà fáwọn agùn-ìgbì jáde, wọ́n dẹ ẹ̀ sí ara oúnjẹ tí wọ́n fi ń fa great white ní Neptune Islands. Láìsí ẹ̀rọ, ìgbà 96 nínú 100 ni oúnjẹ ń lọ. Pẹ̀lú Freedom+ Surf tó ń lo iná, ó wálẹ̀ sí 40. Ti ẹ̀gbà onímáágínẹ́ẹ̀tì àti ti ìda olóòórùn tí wọ́n ń fi pa pátákó, kò sí ìyàtọ̀ gidi kan.

Ẹ tún 40 yẹn kà. Èyí tó dáa jù nínú gbogbo wọn, ìgbà mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni ẹja ṣì gbé oúnjẹ lọ. Ó ń dín ewu kù, kò lè pa á rẹ́. Ẹ̀yà ti òmùwẹ̀ máa ń so mọ́ kókósẹ̀ pẹ̀lú okùn tó ń wọ́ tẹ̀ lé èèyàn, ó wúwo díẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ rántí fi iná sí i, tí okùn ẹ̀ bá kan ara yín ẹ máa mọ̀ ọ́n lára, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn láì bi dókítà. Ẹni tó ń fi ọfà pa ẹja lábẹ́ omi, tí ẹ̀jẹ̀ ẹja ń tẹ̀ lé kiri, ìyẹn ló yẹ kó rà á. Ẹni tó ń wẹ̀ nínú ọ̀sà fún ọjọ́ mẹ́rin, owó yẹn á tó o gbé afinimọ̀nà tó mọṣẹ́.

Ẹ̀gbà onímáágínẹ́ẹ̀tì wá. Ó fúyẹ́, kò gba bátìrì, kò wọ́n bíi ti oníná, ṣùgbọ́n agbára máágínẹ́ẹ̀tì kì í jìnnà sí ọwọ́ kó tó tán, kí àkurakúdà tó mọ̀ ọ́n lára ẹnu ẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n bọ́ tèmi kì í tiẹ̀ ṣe ìyẹn. Lọ́jọ́ kejì tí mo wọ̀ ọ́ ni mo gbójú sókè tí mo rí i pé mo ti fẹ́ dé ẹnu ríífù, ibi tí mi ò jẹ́ dé láìwọ̀ ọ́. Ẹ̀gbà ò lé àkurakúdà, ẹ̀rù tó yẹ kó bà mí ló lé lọ.

Ní ti aṣọ, ẹ yan èyí tí àwọ̀ ẹ̀ ò pariwo, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka tó ń dán, torí nínú omi wọ́n ń kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja. Ìyẹn ò ná yín ní nǹkan kan.

Gíláàsì ojú fúnra ẹ̀ ni mo kà sí ohun èlò tó dáa jù, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ẹni tó ń wo abẹ́ omi rí ohun tó ń bọ̀, ohun tó ń bọ̀ náà rí i pé wọ́n rí òun. Àmọ́ ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó níbi tí ẹsẹ̀ yín ti ń kan ilẹ̀. Ní Hawaii, nínú gbogbo ohun tí àlejò ń ṣe tó fi ń kú sómi, wíwẹ̀ pẹ̀lú páìpù ìmí ló ṣíwájú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò pariwo rárá, mímí kàn ṣòro fún wọn lójú omi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Tí èémí bá ń ṣe yín bákan, ẹ yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ dojú sókè, ẹ gbé ọwọ́.

Tó bá wá yọjú ńkọ́?

Ẹ má gbá omi, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ dúró lóòró, ẹ máa wò ó, ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ sọ́nà ilẹ̀ tàbí ọkọ̀. Tó bá jẹ́ grey reef, irú àkurakúdà ara ríífù kan, tó tẹ ẹ̀yìn, tó rẹ lẹbẹ ìgbáyà sílẹ̀ tó ń yí gọ̀gọ̀, ó ń sọ fún yín pé ẹ kúrò níbi òun, ẹ kúrò. Tó bá gé èèyàn jẹ, ojú ẹ̀ àti ihò tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ni kẹ́ ẹ máa gbá, pẹ̀lú ohunkóhun tó wà lọ́wọ́. Lórí ilẹ̀, ẹ tẹ ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde lápá tàbí ẹsẹ̀ ẹ dè é pinpin lókè ọgbẹ́, ẹ má sì tú u títí dọ́dọ̀ dókítà.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹni tó kó ọmọ wẹ́wẹ́ dání, inú ọgbà àwọ̀n tí wọ́n yẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí ò bá sí, ọ̀sà tí omi ẹ̀ ò kọjá ìdí ọmọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ páìpù ìmí, ọ̀sà ni, níbi tí láífùgáàdì bá tún wà ó dáa gan-an, kó sì jìnnà sí ẹnu ríífù. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n dáadáa tó fẹ́ rí ohun tó tóbi, kó sanwó ọkọ̀ tí kì í fún ẹja lóúnjẹ, kó má wá ẹ̀dínwó níbẹ̀. Ẹni tí owó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀, láàárín àsíá pupa òun yẹ́lò, láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán, kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ẹja ṣùgbọ́n á wẹ̀ á sì délé. Apẹja ọlọ́fà, ẹ̀rọ oníná, kó sì máa gbé ẹja tó pa sọ́kọ̀ kíákíá, kó má so ó mọ́ ìdí. Ẹni tó ń wẹ̀ lọ ọ̀nà jíjìn lójú òkun, kó ní ọkọ̀ kékeré kan tó ń tẹ̀ lé e.

Èmi, ọ̀sà ni, pẹ̀lú ẹnì kejì, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ inú omi dáadáa. Ẹ̀gbà onímáágínẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi o, ara fíríìjì ló wà báyìí, ó ń di ìwé mú, kò sì tíì já bọ́ rí.